Ẹ̀rọ Cauchy nínú dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin: bá a ṣe ń kọ́ ọ l'Abúlé Ọjà

Ohun tá à ń kọ́ rèé o. Prógíráàmù kékeré kan ni, Python ni mo fi ń kọ ọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: wàá fún un ní iye tí fọ́ńṣọ̀n kan ní lójú bọ́ọ̀lù, ojú ìta nìkan, òun á wá sọ iye tí fọ́ńṣọ̀n yẹn ní níbikíbi tó o bá nàka sí nínú bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tó bá ti ṣe complex analysis (ẹ̀kọ́ fọ́ńṣọ̀n tó ń lo nọ́ńbà complex, z = x + yi) ní yunifásítì á ti mọ̀ pé Cauchy, onímáàtì ará Faransé, ti bá wa ṣe èyí tipẹ́ lórí pépà pẹlẹbẹ, tí fọ́ńṣọ̀n f bá ṣáà ti dáa, tó o bá ti mọ̀ ọ́n lórí ìlà róbótó kan, o ti mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀ tán nìyẹn. Èmi fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nínú dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin, kí n sì fojú ara mi rí nọ́ńbà tó ń jáde, torí mo ti ka tíọ́rì ẹ̀ títí, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, àmọ́ kíkà nìkan ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwa mẹ́ta la wà nídìí ẹ̀: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, àti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó ń ṣe PhD máàtì ní Yunifásítì Èkó l'Akoka. Ilé Ẹ̀gbọ́n l'Abúlé Ọjà la ti máa ń ṣe é, òun ló ní inverter. Òun náà ló ní ká má tíì fọwọ́ kan kóòdù rárá, ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí irú fọ́ńṣọ̀n tá a fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí máa gbà, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Èwo la máa gbé sọdá?

Nọ́ńbà tá à ń lò ni quaternion, èyí tí Hamilton, onímáàtì ará Ireland, rí ní Dublin lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1843, òun àti ìyàwó ẹ̀ jọ ń rìn lọ, ló bá gbẹ́ ẹ sára òkúta afárá: i² = j² = k² = ijk = −1. Quaternion kan ní apá mẹ́rin, q = t + xi + yj + zk. Ohun tó yàtọ̀ síbi tá a ti ń bọ̀ ni pé ij jẹ́ k àmọ́ ji jẹ́ −k, èyí tó wà lápá òsì àti èyí tó wà lápá ọ̀tún ò ṣeé pààrọ̀. Frobenius, onímáàtì ará Jámánì, sì ti fi hàn láwọn ọdún 1870 pé nínú nọ́ńbà tá a fi nọ́ńbà gidi tó níye tò pọ̀, tó o bá fẹ́ kí pípín ṣeé ṣe, kí (ab)c sì máa bá a(bc) dọ́gba, nọ́ńbà gidi, nọ́ńbà complex àti quaternion nìkan ló wà nílẹ̀, o ò ní rí ìkẹrin.

Ó dáa, lórí pépà pẹlẹbẹ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tá a fi lè sọ pé fọ́ńṣọ̀n kan dáa: pé ó ní derivative (ìwọ̀n bó ṣe ń yí padà), pé ó jẹ́ àròpọ̀ z, z², z³ lọ bẹ́ẹ̀, tàbí pé ó tẹ̀ lé ìdọ́gba Cauchy–Riemann (èyí tó so bí apá ẹ̀ méjèèjì ṣe ń yí padà pọ̀). Lọ́hùn-ún nǹkan kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbí wọ́n pínyà, ìpínyà wọn sì burú.

Àbúrò mi ló ní ká gbìyànjú derivative ná. Ó mú q², ó dúró síbi q = i, ó ṣe h⁻¹(f(q+h) − f(q)), h sì ń kéré lọ. Tí h bá jẹ́ nọ́ńbà gidi lásán, èsì ẹ̀ jẹ́ 2i. Tí h bá gba ọ̀nà j, òdo ló bọ́ sí. Kò ṣe nǹkan mìíì o, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ nìkan ló yí padà! Ẹ̀gbọ́n wá sọ fún un pé wọ́n ti wá inú ẹ̀ délẹ̀, fọ́ńṣọ̀n tó ní irú derivative yẹn káàkiri ò ju a + qb lọ, ìlà tọ́ọ́rọ́ lásán. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ tíọ́rì kankan sórí ìyẹn.

Ọ̀nà kejì ní tiẹ̀, ṣe ló fẹ̀ jù. Ẹ wo èyí: t = ¼(q − iqi − jqj − kqk). Ẹ fọwọ́ ṣe é kẹ́ ẹ rí i, ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe lè yọ x, y àti z jáde látinú q. Ìyẹn ni pé gbogbo polynomial tó wà nínú nọ́ńbà gidi mẹ́rin ni wàá lè fi q kọ, tí gbogbo wọn bá sì dáa, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ "dáa" yẹn ò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́ nìyẹn.

Bóyá ẹnì kan á ní ká tọ ọ̀nà conformal, ká di igun mú bí fọ́ńṣọ̀n complex ṣe ń dì í mú. Liouville, onímáàtì ará Faransé, ti ilẹ̀kùn yẹn ní 1850, láti dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta lọ sókè, ìyípadà Möbius nìkan, ìyẹn sísún, yíyí, mímú tóbi àti yíyí bọ́ọ̀lù ti inú síta, ló ń ṣe é.

Ó ku ìdọ́gba Cauchy–Riemann. Moisil àti Théodoresco ní Romania gbé e wọ dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta ní 1931, Rudolf Fueter ní Switzerland wá kọ́ odindi tíọ́rì lé e lórí fún quaternion láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ohun tí Fueter ń lò rèé (∂/∂t ni bí nǹkan ṣe ń yí padà tí t nìkan bá ń yí):

D = ∂/∂t + i ∂/∂x + j ∂/∂y + k ∂/∂z

Fọ́ńṣọ̀n tí Df bá jẹ́ òdo fún là ń pè ní regular. Tó o bá fi conjugate D (D tá a yí àmì i, j àti k ẹ̀ padà) lu D, Laplacian ti dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin (àròpọ̀ derivative ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) ló máa jáde, nítorí náà apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ńṣọ̀n regular jẹ́ harmonic, ìyẹn ni pé Laplacian wọn jẹ́ òdo. Ibi tá a fìdí kalẹ̀ sí nìyẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fara balẹ̀ síbí o, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé tí nọ́ńbà bá ti fẹ̀ sí i, gbogbo ohun tá a mọ̀ náà á kàn fẹ̀ tẹ̀ lé e. Rárá o. Ìdọ́gba yẹn nìkan ló sọdá láàyè, fọ́múlà Cauchy sì bá a sọdá, àmọ́ z, z² àti z³ tá a fẹ́ràn ò bá a débẹ̀. Ẹ ṣírò D lórí q fúnra ẹ̀: 1 + i² + j² + k² = −2. Kì í ṣe òdo. Àní q gan-an ò regular!

Kóòdù ìsọdipúpọ̀

NumPy, àkójọ kóòdù ìṣírò tí Python ń lò, ò mọ quaternion fúnra ẹ̀. Package wà tí èèyàn lè gbé sí i, àmọ́ mo fẹ́ kọ tiwa, kí n lè mọ ohun tó ń lọ ní gbogbo ìlà. Array oníkọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin ni mo lò, ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ ò ju báyìí lọ:

t = a0*b0 − a1*b1 − a2*b2 − a3*b3
x = a0*b1 + a1*b0 + a2*b3 − a3*b2
y = a0*b2 − a1*b3 + a2*b0 + a3*b1
z = a0*b3 + a1*b2 − a2*b1 + a3*b0

Tẹ́ẹ̀sì tí mo ṣe fún un: ij gbọ́dọ̀ jẹ́ k, ji gbọ́dọ̀ jẹ́ −k, q lọ́nà conjugate ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ |q|² (|q| ni gígùn q), (ab)c àti a(bc) gbọ́dọ̀ dọ́gba fún nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá kàn fà yọ. Gbogbo ẹ̀ kọjá, a tẹ̀ síwájú.

Ojú bọ́ọ̀lù

Ibí yìí dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ kíkọ́ ọ̀hún. Bọ́ọ̀lù inú dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin, ojú ẹ̀ fúnra ẹ̀ jẹ́ dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta, a sì ní láti da póìǹtì sí i lójú, kí póìǹtì kọ̀ọ̀kan ní wéètì tiẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ojú bọ́ọ̀lù tó dúró fún. Tó o bá lo igun mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ayé tá a wà lórí ẹ̀ yìí, àwọn póìǹtì á kóra jọ sí òpin méjèèjì, iṣẹ́ á kàn máa ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n ní ká gba ọ̀nà Hopf:

t = √(1−s) cos α, x = √(1−s) sin α
y = √s cos β, z = √s sin β

s ń lọ láti 0 dé 1, α àti β ń lọ láti 0 dé 2π, wéètì ojú bọ́ọ̀lù wá di ½ ds dα dβ. Ó tán! Kò sí sine kankan tó ń dà wá láàmú nínú wéètì mọ́. α àti β ń yípo padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí náà trapezoid lásán (póìǹtì tó jìnnà síra dọ́gba) tó wọn, fún s mo lo Gauss–Legendre (póìǹtì àti wéètì tí wọ́n dìídì yàn kí àròpọ̀ lè péye). 64 fún α, 64 fún β, 16 fún s, gbogbo ẹ̀ jẹ́ póìǹtì 65,536. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ni pé kí àròpọ̀ wéètì jẹ́ 2π², ìyẹn 19.7392, ohun tó sì jáde nìyẹn.

Fọ́múlà Cauchy–Fueter fún bọ́ọ̀lù tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 1 wá di:

f(p) = 1/(2π²) × àròpọ̀ [ w · G(q−p) · q · f(q) ]

p ni póìǹtì tá a nàka sí, q ni póìǹtì ojú bọ́ọ̀lù, w ni wéètì ẹ̀, G(u) ni conjugate u tá a fi |u|⁴ pín. q tó wà láàárín yẹn ni ọfà tó ń tọ́ka síta láti ojú bọ́ọ̀lù, torí rédíọ́ọ̀sì jẹ́ 1 ni póìǹtì àti ọfà ẹ̀ ṣe jẹ́ nǹkan kan náà. Ẹ wò ó dáadáa, lórí pépà pẹlẹbẹ 1/(z−p) ló wà níbẹ̀, 2πi sì wà nísàlẹ̀. Níbí, inverse (q−p) náà ló ṣì wà níbẹ̀, a kàn tún fi |q−p|² pín in torí ojú bọ́ọ̀lù ti fẹ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ tò wọ́n bí mo ṣe tò wọ́n yẹn o: G, lẹ́yìn náà ọfà, lẹ́yìn náà f. Ẹ̀bà tí wọ́n kọ́kọ́ da gàrí sábọ́ kí omi gbígbóná tó tẹ̀ lé e ló máa dà tí ẹ bá yí i, gàrí náà ni, omi náà ni, àmọ́ kókó lẹ máa bá níbẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ rí bó ṣe máa bàjẹ́ tó, a bá gbé ọfà sẹ́yìn f, a fún ẹ̀rọ ní fọ́ńṣọ̀n tó rọrùn jù láyé, f = i níbi gbogbo. Ó yẹ kó dá i padà. Láàárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù, òdo ló dá padà. Ohun tó fà á ni pé lójú ibẹ̀, àpapọ̀ yẹn di àròpin conjugate q lọ́nà i lọ́nà q, ìyẹn ń yí ọfà i sí gbogbo ìhà dọ́gbadọ́gba, gbogbo ẹ̀ sì pa ara wọn rẹ́. Mo fẹ́ràn irú tẹ́ẹ̀sì báyìí, ó ń sọ ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde

Póìǹtì tí mo yàn ni p = 0.2 + 0.3i + 0.1j − 0.4k. Fọ́ńṣọ̀n tí mo yàn ni ti Fueter: a = x − ti, b = y − tj, c = z − tk. Àwọn mẹ́ta yìí ló gba ipò z lọ́hùn-ún. Fún a, ó yẹ ká rí 0.3 − 0.2i, òun náà la rí, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan. Mo pariwo débi tí àwọn ará ilé kejì béèrè pé ta ló gbá góòlù.

A wá gbìyànjú a lọ́nà b. Kò regular, D lórí ẹ̀ fi 2tk sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kọ̀ ọ́, ohun tó dá padà kì í ṣe iye ab. Fọ́ńṣọ̀n regular méjì, tó o bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọn ò ní láti regular mọ́, lójú tèmi òun ni àdánù tó tóbi jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí. Àmọ́ (ab + ba)/2 regular, ó jẹ́ xy − ty·i − tx·j, ẹ̀rọ sì dá 0.03 − 0.02i − 0.06j padà, gérégé. Gbogbo ohun tó o bá fẹ́ ṣe pẹ̀lú a, b, c, pọ̀ wọ́n ní gbogbo ètò tó ṣeé ṣe, kó o pín in dọ́gba, wàá rí regular. Lórí pépà pẹlẹbẹ, ìpele kọ̀ọ̀kan ní zⁿ kan ṣoṣo, níbí ìpele n ní (n+1)(n+2)/2: mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́wàá, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tá a pàdánù níbì kan, a rí ọ̀pọ̀ níbòmíì.

A gbé p jáde síta bọ́ọ̀lù, a fi í sí 2. Òdo ló dá padà, bí Cauchy ṣe wí.

Nígbà tá a fún un ní q

Èyí ló mú mi kọ àkọsílẹ̀ yìí. Àbúrò mi béèrè pé níwọ̀n ìgbà tí q ò regular, kín ni ẹ̀rọ yìí máa ṣe tá a bá fún un ní q lójú bọ́ọ̀lù? Ó ṣáà máa dá nǹkan kan padà. A ṣe é. Ní p yẹn, ó dá padà:

0.3 + 0.15i + 0.05j − 0.2k

Ẹ fi wé p. Apá àkọ́kọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù di ìdajì. A tún póìǹtì mìíì mú, bákan náà ni. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà gba q, ó sì dá ½(3t + xi + yj + zk) padà. Ẹ ṣírò D lórí 3t + xi + yj + zk: 3 − 3. Òdo! Ó sọ q di regular fúnra ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan, ó fa pépà, ó kọ q³ sílẹ̀, ó ní kí n ṣe Laplacian ẹ̀. Tíọ́rẹ́ẹ̀mù Fueter ló ní lọ́kàn: mú fọ́ńṣọ̀n complex tó dáa bíi z³, fi q rọ́pò z, kò ní regular, àmọ́ ṣe Laplacian lé e, ó di regular. A ṣe é. Apá gidi q³ ni t³ − 3t(x²+y²+z²), Laplacian ẹ̀ jẹ́ 6t − 18t. Apá ọfà ẹ̀ (ọfà níbí ni xi + yj + zk) ni 3t² − (x²+y²+z²) lọ́nà ọfà, Laplacian ìyẹn jẹ́ 6 − 10, ìyẹn −4 lọ́nà ọfà. Ó jáde sí −4(3t + xi + yj + zk). Fọ́ńṣọ̀n kan náà ni! Ọ̀kan gba ojú bọ́ọ̀lù wọlé, ìkejì gba Laplacian, wọ́n pàdé síbì kan náà.

Kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Bọ́ọ̀lù ò ṣe ojúsàájú sí i, j tàbí k, q ò ṣe é, Laplacian ò ṣe é. Nítorí náà ohun tó bá jáde ní ìpele kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́ irú At + B(xi + yj + zk), D lórí ìyẹn jẹ́ A − 3B, kó tó lè di òdo A gbọ́dọ̀ jẹ́ 3B. Fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà tó lè jókòó síbẹ̀. Ìdajì tó wà níwájú ẹ̀ náà nídìí, fọ́múlà Borel–Pompeiu sọ pé iye ojú bọ́ọ̀lù nìkan ò tó fún fọ́ńṣọ̀n tí ò regular, o ní láti ka ohun tí Df ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Dq jẹ́ −2 níbi gbogbo, ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù jẹ́ ìdajì conjugate q, q pẹ̀lú ìdajì conjugate ẹ̀ sì jẹ́ ½(3t + xi + yj + zk) gan-an.

Mo ti ka tíọ́rẹ́ẹ̀mù Fueter yẹn tipẹ́, mo sì máa ń wò ó bí idán tí ẹnì kan kàn dá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé mi.

Etí bọ́ọ̀lù, àti RAM

Tí p bá sún mọ́ ojú bọ́ọ̀lù, bíi kó jìnnà sí àárín tó 0.99, nọ́ńbà tó ń jáde ò ṣeé gbọ́kàn lé. G ń ga sókè bíi 1 lórí |q−p|³, àlàfo tó wà láàárín póìǹtì wa sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó lè bọ́ sórí póìǹtì kan kó tú jáde, ó lè bọ́ sáàárín méjì kó má rí nǹkan kan. Kíkún póìǹtì ò wúlò tó, ilọ́po méjì lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ilọ́po mẹ́jọ iṣẹ́.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé fọ́múlà yẹn mọ fọ́ńṣọ̀n tí kì í yí padà, àròpọ̀ w·G·q nìkan, ká fi 2π² pín in, ó yẹ kó jẹ́ 1. A ṣírò àròpọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní W, ohun yòówù kó jẹ́, a wá fi inverse W lu èsì wa. Apá òsì ni inverse yẹn gbọ́dọ̀ wà o, torí W ń jókòó sápá òsì f. Báyìí tí àṣìṣe bá wọ òkè, irú ẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń gé ara wọn kù. Kò tíì mọ́ tónítóní bíi ti àárín bọ́ọ̀lù, àmọ́ àwòrán tá a yà kò ní ìwo tó ń yọ létí mọ́.

Ti RAM ò pọ̀. Póìǹtì p kan ń jẹ bíi 2 MB fún array kọ̀ọ̀kan, 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà á jẹ bíi 2 GB, láptọ́ọ̀pù mi ò ní ju 4 GB lọ. Mo gé e sí àádọ́ta-àádọ́ta, kóòdù ń kọ èsì sínú fáìlì lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, torí bátìrì tí mo rà ní Computer Village n'Ikeja ò lè gbé alẹ́ kan já, iná náà ò ṣeé bá dá àdéhùn ládùúgbò wa. Tí iná bá lọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ padà níbi tó dúró sí.

Ibi tá a dé

Àbúrò mi ti gba apá tó kàn. Ó fẹ́ ti Moisil àti Théodoresco, dàìmẹ́ńṣọ̀n mẹ́ta, torí i ∂/∂x + j ∂/∂y + k ∂/∂z lórí ọfà kan ń fún ẹ ní curl ẹ̀ (bó ṣe ń yí po) àti òdì divergence ẹ̀ (bó ṣe ń tú jáde) lẹ́ẹ̀kan náà, kí méjèèjì jẹ́ òdo sì ni ìdọ́gba agbára iná tó dúró jẹ́ẹ́ níbi tí kò sí charge. Ohun tó ń kà ní kíláàsì gan-an nìyẹn. Ó tún fẹ́ kí kóòdù náà gba dàìmẹ́ńṣọ̀n tó bá wù ú, nítorí náà áljẹ́bírà tí Clifford, onímáàtì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1878 ló ń lò, èyí tí Brackx, Delanghe àti Sommen kọ odindi ìwé analysis lé lórí ní 1982. Nọ́ńbà Clifford oní-e mẹ́ta (àwọn e ló dà bí i, j àti k níbẹ̀) ní apá mẹ́jọ, oní-e n ní 2ⁿ, kò sẹ́ni tó máa jókòó kọ ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, XOR (ìṣírò bit tó ń sọ ibi tí nọ́ńbà méjì ti yàtọ̀) ló fi ń wá ibi tí ìsọdipúpọ̀ apá méjì máa bọ́ sí, ó sì ń ka iye ìgbà tí e méjì gbòdì kọjá ara wọn kó tó mọ àmì ẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ẹ̀ ti kọjá tẹ́ẹ̀sì (ab)c àti a(bc). Ojú bọ́ọ̀lù ló kù fún un, àròpọ̀ wéètì ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 4π kó tó fún un ní fọ́ńṣọ̀n kankan.